Ìwé àti ẹrù tí wàá tò kí o tó gbéra lọ NDA (Nigerian Defence Academy, ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọ́físà ológun) ní Kàdúná, fún àwọn ọmọ wa nílẹ̀ Okun ní Kógì

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ má bínú tí èyí bá gùn, mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan ni, ó ti sú mi láti máa tún un sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Friday kan báyìí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lọ, mo ti ń palẹ̀ mọ́ kí n pa jẹnẹrétọ̀, ni ìyá kan àti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wọlé. Ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì ni mo ní níbí ní Kàbà, mo ń tẹ̀wé, mo ń ya pásípọ́ọ̀tù. Ìyá ní kí n bá àwọn tẹ ìwé tí NDA fi pe ọmọ òun sí intafíù jáde, pé Monday ló gbọ́dọ̀ wà ní Kàdúná. Mo ní ó dáa, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ńkọ́? Wọn ò tíì gbà á. Fọ́tò onídùúró ńkọ́? Pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin ló wà nílé. Ta ló máa buwọ́ lu ìwé ìjẹ́rìí? Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀. Ọmọ yìí pàásì JAMB, ó pàásì ìdánwò NDA, ó ga, àyà ẹ̀ le bí pákó, àmọ́ sẹkitéríàtì ti tì, ó di Monday kí wọ́n tó ṣí i, Monday yẹn gan-an ló sì yẹ kó ti wà lẹ́nu géètì ní Kàdúná.

Eré sísá àti púṣọ́ọ̀pù ni gbogbo èèyàn ń rò tí wọ́n bá gbọ́ ṣọ́jà. Ẹ rò ó, ó dáa. Àmọ́ níbi tí èmi jókòó sí yìí, ìwé ni mo rí tó ń dá ọmọ wa padà, torí wọ́n á ti yẹ ìwé ẹ wò kí wọ́n tó ní kí o sáré.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n: 1964 ni wọ́n dá NDA sílẹ̀ ní Kàdúná, ọdún márùn-ún ni wàá lò níbẹ̀, mẹ́rin fún ìwé yunifásítì, ọdún kan fún iṣẹ́ ológun pọ́ńbélé, o sì máa jáde pẹ̀lú dìgírì àti ipò ọ́físà. Bó ṣe ń lọ ni pé o máa ṣe JAMB, NDA lo máa fi ṣe ilé ìwé àkọ́kọ́ tí o yàn (tí o bá ti yan ibòmíì sókè, lọ sí CBT, ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń ṣe JAMB, tètètètè kí wọ́n bá ẹ yí i), wàá gba fọ́ọ̀mù lórí sáìtì wọn nda.edu.ng, wàá ṣe ìdánwò tiwọn, orúkọ ẹ á jáde, wọ́n á wá pè ẹ́ lọ Kàdúná fún intafíù tí wọ́n ń pè ní AFSB (Armed Forces Selection Board). Ẹ̀yìn intafíù yẹn ni lísìtì ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò AFSB yìí ni mo fẹ́ sọ jù, torí òun ló ń bá èèyàn lójijì. Má dúró de lísìtì kí o tó bẹ̀rẹ̀ o. Ọjọ́ tí o bá kúrò nínú ọgbà JAMB ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé.

Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni kí o fi bẹ̀rẹ̀

Kó gbogbo ìwé ẹ jáde, tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì: NIN, sílíìpù JAMB, èsì WAEC tàbí NECO, ìwé ìbí, tẹstimóníà ilé ìwé. Mú báírò àti bébà. Kọ orúkọ tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe wà gẹ́lẹ́, lẹ́tà dé lẹ́tà, kí o wá kọ ọjọ́ ìbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Má kàn fojú wò ó lọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú máa ń tan ni, ojú á ka Olorunfemi níbi tí wọ́n ti kọ Olurunfemi, ọkàn ẹ á sì balẹ̀.

Àwa Okun ní tiwa, orúkọ pọ̀ lọ́rùn wa. Ìyá àgbà sọ tiẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì fi Samuel ṣe ìrìbọmi fún ẹ, tíṣà praimárì gé Olorunfemi kù sí Femi torí pé àyè tó wà nínú rẹ́jísítà ò tó, bàbá ẹ ń lo orúkọ bàbá tiẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ ń lo orúkọ oríkì ìdílé. Nílé, kò sí wàhálà, gbogbo wa mọ ara wa. Lọ́wọ́ ẹni tó jókòó nídìí tábìlì ní Kàdúná, èèyàn mẹ́ta nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ni wọ́n bí i. Ẹni tó bá a ṣe NIN, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, ó sì fo orúkọ àárín. A gba bébà, a dúpẹ́, a lọ sílé, kò sẹ́ni tó kà á. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn ló fẹ́ ṣe JAMB, inú NIN sì ni JAMB ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí jáde, bí ọmọ wa ṣe di ẹni tí wọ́n bí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan nìyẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè rí i ká tó rẹ́jísítà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ni, àtúnṣe NIN nìkan ò ní tó, JAMB náà á ní kó wá san tiẹ̀.

Tí o bá rí i pé wọn ò bára mu, èwo lo máa tún ṣe? Èyí tó le jù láti yí ni kí o fi ṣe òpó, ìyẹn WAEC ẹ, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé òótọ́ ló wà níbẹ̀, kí o wá fa àwọn yòókù tọ̀ ọ́ wá. NIN ṣeé tún ṣe ní ọ́fíìsì NIMC, ó sì ṣeé ṣe lórí fóònù tìrẹ, àmọ́ kí o mọ̀ pé owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí ju ti orúkọ lọ fíìfíì, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn NIN ni JAMB. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti sáré lọ kóòtù gba áfídéfíìtì kí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Gbà á, ó wúlò, pàápàá tó bá jẹ́ pé orúkọ kan ló ju ìkejì lọ. Àmọ́ áfídéfíìtì dà bí aṣọ tí wọ́n fi bo egbò ni, egbò ṣì wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ dín ọjọ́ orí kù. Ọdún mẹ́tàdínlógún sí mọ́kànlélógún ni wọ́n ń gbà. Ọmọ tó bá ti kọjá ẹ̀ ti kọjá ẹ̀, ẹnu ọ̀nà míì wà nínú iṣẹ́ ológun fún ẹni tó bá ti gba dìgírì. Ọjọ́ orí tí ẹ bá gé lónìí á máa tẹ̀ lé e títí dìgbà tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Ìwé ìbí, ti National Population Commission ni kí ẹ wá. Káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí i kì í ṣe ìwé ìbí, bẹ́ẹ̀ ni káàdì ìrìbọmi. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí ò gbà á ní kékeré, ìwé ìjẹ́rìí ìbí ni wọ́n á fún un dípò, ìyẹn náà dáa.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀

Ìlú bàbá ẹ ni wàá ti gbà á, kì í ṣe ibi tí ẹ̀ ń gbé. Ọmọ Kàbà àti Bùnú, sẹkitéríàtì Kàbà níbí. Ọmọ Ìjùmú, Ìyàrá. Mopa-Muro, Mopa. Yagba East ń lọ Ìsánlú, Yagba West ń lọ Odo Ere. Mo sọ ọ́ torí pé ọmọ wa tí wọ́n tọ́ ní Lọ́kọ́jà máa ń fẹ́ gbà á ní Lọ́kọ́jà, ti Èkó àti Ìlọrin sì máa ń rò pé ẹnì kan lè bá òun gbà á ránṣẹ́. Wá fúnra ẹ, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù méjì àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí olórí ìdílé yín. Bí o bá wá, kí olórí ìdílé dáadáa, jókòó, jẹ́ kí wọ́n bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́. Àwọn àgbà wa ò fẹ́ràn ọmọ tó jẹ́ pé ìwé nìkan ló ń gbé e wálé.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá míì á mú sátífíkéètì tiwọn láyé ìgbà náà wá pé kí n ṣe fótókọ́pì ẹ̀ fún ọmọ, Kwara State gàdàgbà ló wà lókè ẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n ti yọ wá kúrò lára Kwara fi dá Kógì sílẹ̀ bàbá, ẹ jẹ́ kó wà nínú àpótí. Àmọ́ ẹ yẹ fọ́ọ̀mù tí ọmọ fi àpláì wò, torí mo ti rí ọmọ tó tẹ Kwara síbẹ̀ nítorí pé ohun tó gbọ́ lẹ́nu bàbá bàbá ẹ̀ nìyẹn. Kógì lórí fọ́ọ̀mù, Kógì lórí JAMB, Kógì lórí ìwé ọmọ ìbílẹ̀.

Ìwé ìjẹ́rìí àti ìwé àṣẹ òbí

Méjì yìí máa ń bá fọ́ọ̀mù jáde. Ti òbí rọrùn, bàbá tàbí ìyá tàbí alágbàtọ́ á buwọ́ lù ú pé òun gbà kí ọmọ lọ. Ẹ buwọ́ lù ú nílé, ní ojú ọ̀sán, pẹ̀lú báírò tó dáa, kì í ṣe nínú mọ́tò ní Lọ́kọ́jà.

Ti ìjẹ́rìí ló ń gba àkókò. Kì í ṣe ẹni tó bá wù ẹ́ ló ń buwọ́ lù ú, wọ́n kọ irú ẹni tó yẹ sórí fọ́ọ̀mù náà, àwọn bí alága ìjọba ìbílẹ̀, májísíréètì, prínsípà ilé ìwé ìjọba, tàbí ọ́físà ológun tí ipò ẹ̀ ga dé ìwọ̀n kan. Kà á dáadáa. Bí pásítọ̀ yín bá gbajúmọ̀ tó báwo ni, tí wọn ò bá kọ pásítọ̀ síbẹ̀, kò kàn án. Ilẹ̀ wa ò ṣàì ní ọ́físà, ṣebí ọmọ Ìjùmú ni David Jemibewon tó ṣe gómìnà ológun ní Western State lọ́dún 1975, àwọn tó tẹ̀ lé e sì pọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n wà nílé. Lọ bá wọn fún ìmọ̀ràn, wọ́n mọ ọgbà yẹn ju èmi lọ. Tó bá di ọ̀rọ̀ kí wọ́n buwọ́ lùwé, ka fọ́ọ̀mù kí o rí i bóyá ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́.

Ọgbọ́n tèmi: tẹ ìwé yẹn jáde ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹni ńlá lè kọ ọ́ bàjẹ́, òǹtẹ̀ lè ya, ìnkì lè tú. Rí i pé òǹtẹ̀ hàn ketekete, orúkọ àti ipò ẹni náà hàn, déètì sì wà níbẹ̀. Kí o sì máa wá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí alága lè wà ní Àbújá fún ọ̀sẹ̀ méjì, prínsípà lè wà ní ìsinmi. Lọ láàárọ̀, wọṣọ tó mọ́, dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, ṣàlàyé ara ẹ ní ṣókí. Kò sówó níbẹ̀ o.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ owó, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún kan, ó wọ aṣọ ṣọ́jà, ó ń bi àwọn òbí tó wà lórí ìlà pé ṣé wọ́n fẹ́ sílọ́ọ̀tì, pé òun mọ ẹnì kan nínú lísìtì. Ìyá kan tí mo mọ̀ ta ilẹ̀ káṣú sí i. Ọmọ ò wọlé, ọkùnrin ò gbé fóònù mọ́, ilẹ̀ ò sì padà. Kò sẹ́ni tó ń ta àyè kàdẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọmọ ilé ìwé NDA. Orí sáìtì wọn ni lísìtì ń jáde sí, orúkọ ẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Fọ́tò

Fọ́tò máa ń jẹ́ oríṣi méjì. Pásípọ́ọ̀tù kékeré, kí o ní mẹ́wàá, wọn kì í pọ̀ jù. Èkejì ni fọ́tò onídùúró, sáìsì káàdì, íńṣì márùn-ún sí méje, tí wọ́n ya ẹ láti orí dé bàtà. Èyí lọ̀pọ̀ ń ṣe wọ́dọwọ̀dọ. Wọ́n á lọ gé fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn, ọwọ́ elòmíì á ṣì wà léjìká wọn.

Ya tuntun. Súútì dúdú tàbí búlúù, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, bàtà dúdú. Tí o ò bá ní súútì yá a, àmọ́ wọ̀ ọ́ wò kí o tó dé ọ̀dọ̀ ayafọ́tò, mo ti ya ọmọ kan tí apá súútì bò ó mọ́ ìka. Dúró gbangba, ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ pọ̀, kò sí fìlà, kò sí gíláàsì dúdú, kò sí ẹ̀rín ọjọ́ ìbí. Ògiri funfun lẹ́yìn ẹ. Kì í ṣe aṣọ ilẹ̀kùn olódòdó, kì í sì í ṣe ère tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìdánwò ẹ sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú báírò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má bàa hàn síwájú, kí o jẹ́ kí ìnkì gbẹ kí o tó kó wọn léra.

Fótókọ́pì àti fáìlì

Owó ni mo ń pa lórí láminéètì, síbẹ̀ mo ń bẹ̀ ẹ́, má láminéètì òríjínà ẹ. Ìwé tí wọ́n bá ti fi rọ́bà bò, òǹtẹ̀ ò lè wọ inú ẹ̀ mọ́, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan bébà láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni ò rí nǹkan fọwọ́ kàn. Fi sínú fáìlì onírọ́bà, ó tó.

Fótókọ́pì mẹ́ta mẹ́ta fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Wá fáìlì méjì. Àkọ́kọ́ ni ti òríjínà, to wọ́n bí wọ́n ṣe tò ó sínú lẹ́tà tí wọ́n fi pè ẹ́, káàdì tí sáìtì ní kí o tẹ̀ jáde á wà lókè pátápátá, kí o má bàa máa tú ẹrù lójú ṣọ́jà. Fótókọ́pì wọnú èkejì. Kí o tó kúrò nílé, ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú fóònù, fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹ, sí ẹ̀gbọ́n ẹ kan náà. Ẹ̀dà ẹyọ kan á wà nílé lọ́wọ́ ìyá ẹ. Fáìlì òríjínà, orí itan ẹ ló máa wà títí dé Kàdúná. Kò gbọdọ̀ wọ búùtù mọ́tò, kò gbọdọ̀ wà lórí kẹ́ríà.

Ara ẹ

Mi ò kì í ṣe dókítà, nítorí náà ṣókí ni. Wọ́n á wọn gíga ẹ: ọkùnrin mítà 1.68, obìnrin mítà 1.65. Lọ wọn ara ẹ láìwọ bàtà kí o tó náwó kankan. Lẹ́yìn náà lọ ṣe àyẹ̀wò tìrẹ ṣáájú, ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà Kàbà, ní ọsibítù ECWA Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Lọ́kọ́jà, ibi tó bá sún mọ́ ẹ: ojú, etí, eyín, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìpákè, jínótáìpù. Eyín tó ti jẹrà ṣeé tọ́jú kí ọjọ́ tó pé. Ìpákè ṣeé ṣiṣẹ́ abẹ fún, àmọ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí o fẹ́ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ràn tatúù, ẹ má yà á o.

Eré, máa sá a láàárọ̀ kùtù, kílómítà mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú bàtà tí o máa wọ̀ lọ.

Ẹrù

Ohun tí wọ́n bá kọ sínú lẹ́tà ẹ ni àṣẹ, èyí tí mo fẹ́ kà yìí kàn jẹ́ kí o mọ bí wọ́n ṣe ń rí ni. Níkà búlúù dúdú méjì tí kò lóhun tí wọ́n kọ sí i lára. Síńgíléètì funfun méjì, funfun báláú. Mo ní funfun báláú torí ọmọ wa kan gbé èyí tí olóṣèlú pín nígbà ìbò lọ, fọ́tò olóṣèlú náà wà lẹ́yìn ẹ̀ bàǹgàlà. Kò gbọdọ̀ ní orúkọ ilé ìwé, kò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà agbábọ́ọ̀lù, kò gbọdọ̀ ní nǹkan kan. Tó bá wá dọ̀ràn báwo lo ṣe máa mọ tìrẹ láàárín igba síńgíléètì tí wọ́n sá, ọgbọ́n ìyá mi ni kí o fi òwú kan ṣoṣo rán ẹ̀yìn etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ nínú, níbi tí kò ti hàn síta. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo aṣọ ẹ.

Kánfáàsì. Ẹ gbọ́ mi o. Òkìríkà tó dáa nínú ọjà Kàbà sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ máa ṣí láàárín eré. Èyí tó wù ẹ́ nínú méjèèjì, rà á ní oṣù kan ṣáájú, fi sáré, kó mọ ẹsẹ̀ ẹ. Bàtà tuntun tí o bá kọ́kọ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò á bó ẹ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tó bó ò sì lè lé ẹnikẹ́ni bá. Ìbọ̀sẹ̀ funfun mẹ́ta, ti òwú, kì í ṣe ti ráyọ̀n.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun méjì pẹ̀lú ìrọ̀rí àti ìbora ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ọmọ gbé aṣọ òfì ìyá àgbà lọ fi bora, ó dùn mọ́ni, àmọ́ funfun ni wọ́n ní. Abọ́, ife, ṣíbí, fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ ìjẹun. Báírò búlúù àti dúdú, pẹ́ńsùlù, ìpàwérẹ́, rúlà. Ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, kànìnkànìn, tówẹ́ẹ̀lì, ìpara, réésà, pólíìṣì. Sílípáàsì rọ́bà. Àgádágodo pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì, so ọ̀kan mọ́ ọrùn. Àwọn obìnrin á mú pádì tó tó wọn lò, kí irun wọn kéré, kó má sí ìdì àti wíìgì. Ọkùnrin, gé tìrẹ mọ́lẹ̀ ní Kàbà kí o tó lọ, bábà tí o mọ̀ ló sàn.

Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó mú un lọ nínú ike ẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò ni wọ́n pè yín, mú nọ́ílọ́ọ̀nù ńlá méjì dání fún fáìlì àti bàtà. Fóònù, má retí pé wàá máa lò ó nínú ọgbà. Kọ nọ́ńbà èèyàn márùn-ún sórí bébà, fi sínú ìwé ẹ, torí ó yà mí lẹ́nu bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ṣe mọ nọ́ńbà ìyá yín lórí. Ohun ọ̀ṣọ́, kó wà nílé: ẹ̀gbà, yẹtí, aago olówó gọbọi. Gààrí àti kúlíkúlí díẹ̀ fún ọ̀nà, kì í ṣe báfù.

Báàgì kan péré, èyí tí o lè gbé sáré. Tí o bá to ẹrù tán, gbé e kọ́ ẹ̀yìn kí o fi rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí o bá ń mí hẹlẹ, yọ nǹkan.

Ọ̀nà

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mopa, ẹ máa sọ̀ sí Kàbà, ká jọ gba Ọbajánà lọ sí Lọ́kọ́jà, láti ibẹ̀ lọ sí Àbújá. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí, tírélà sìmẹ́ǹtì àti àwọn ajínigbé, torí náà ojúmọmọ ni kí ẹ rìn, mọ́tò àkọ́kọ́ láàárọ̀. Má ṣe é ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Sùn ní Àbújá lọ́dọ̀ ẹbí, lọ́jọ́ kejì kí o wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu tàbí Kubwa dé Rigasa ní Kàdúná. Wọ́n máa ń béèrè NIN kí o tó wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn, nítorí náà sílíìpù NIN kan kó wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ẹ lọ́tọ̀, kí o má máa ṣí fáìlì láàárín èrò. Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń tán, ra tìẹ ṣáájú.

Ka lẹ́tà ẹ kí o mọ ọgbà tí wọ́n ní kí o wá. Ọgbà ńlá wọn wà ní Afaka, ní ọ̀nà ẹ́apọ́ọ̀tù, lápá Mándó, àmọ́ ti àtijọ́ ṣì wà nígboro Kàdúná. Tí o bá kàn sọ NDA fún ọlọ́kadà, ibi tó bá wù ú ló máa gbé ẹ lọ. Dé Kàdúná ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ará Okun pọ̀ níbẹ̀ tipẹ́, bèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí yín kí o tó kúrò nílé, ẹnì kan á ní àbúrò níbẹ̀ tí wàá sùn sọ́dọ̀ ẹ̀. Owó, pín in sí ibi mẹ́ta, kó sì jẹ́ kéékèèké, ọgọ́rùn-ún àti igba.

Òbí tó bá bá ọmọ lọ, ẹ dágbére ní ilé tí ẹ sùn sí, ẹ jẹ́ kó dá wọ géètì.

Tí lísìtì ìkẹyìn bá jáde

Wọ́n á fún ẹ ní ìwé míì tó ní lísìtì ẹrù tiẹ̀, ó máa gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ torí ọdún ni o ń lọ lò. Òun ni kí o fi lọ ọjà, má fi ti ẹ̀gbọ́n tó wọlé lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ra nǹkan, wọ́n máa ń yí i. Àwọn ìwé kan náà ni wọ́n tún máa béèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí fótókọ́pì ṣẹ́ kù. Ṣí àkáǹtì báńkì lórúkọ ara ẹ tí o ò bá tíì ní, orúkọ yẹn náà gbọ́dọ̀ bá NIN mu. Kí o sì mú síwẹ́tà dání, òtútù ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa níbí.

Ọmọ ọjọ́ Friday yẹn, mo ya fọ́tò onídùúró fún un lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú súútì tèmi, mo tẹ ìwé ẹ̀ jáde, mo sì fún ìyá ẹ̀ ní nọ́ńbà akọ̀wé kan tó ń gbé lẹ́yìn sẹkitéríàtì kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi láti ìsinsìnyí lọ, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, Monday sí Saturday. Ẹ mú fláàṣì wá, kó má ní fáírọ́ọ̀sì o.